Orí Idẹ Ifẹ̀ àti Ẹ̀rí inú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti bá olùkọ́ wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn ènìyàn tún ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù. Wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a wo ère inú àpótí onídígí, wọn a ka orúkọ tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀, wọn a sì jáde kí wákàtí kan tó pé. Bí ènìyàn bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, èsì wọn ni pé àwọn rí ère. Bí ó bá tún bi wọ́n pé kí ni ère náà sọ fún wọn, wọn a máa wo ojú ara wọn. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dà bí ẹlẹ́rìí tí ó jókòó ní ilé ẹjọ́: bí a kò bá bi í ní ọ̀rọ̀, yóò kàn jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni.

Kókó ìjíròrò yìí ni bí a ṣe lè bi irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè, kí a sì mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé. Àpẹẹrẹ tí a mú fún un ni iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, pàápàá àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn ti kàn yíká ayé. Kì í ṣe nítorí pé Ifẹ̀ ni orírun Yorùbá nìkan ni a fi yàn án. Ìdí pàtàkì ni pé ní Ifẹ̀ ni ó ti hàn kedere bí ohun kan náà ṣe lè ti ìtàn èké lẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tí ó kánjú, tí ó sì lè fi òtítọ́ hàn fún ẹni tí ó fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌDÁJỌ́ ÌKÁNJÚ

Ní apá ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, kí ó máa wádìí àṣà, kí ó sì máa kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ rẹ̀. Ó rí àwọn orí tí a fi amọ̀ mọ tí a sì sun nínú iná. Ó tún rí orí idẹ kan tí ó jẹ́ ti òrìṣà Olókun. Ẹwà wọn yà á lẹ́nu púpọ̀. Ó kó díẹ̀ nínú àwọn ti amọ̀ lọ sí Jámánì. Ní ti orí Olókun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú un ní dandan kí ó dá a padà.

Ì bá sàn bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Frobenius kò gbà pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn tí ó bá ní Ifẹ̀ ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ni ó ti tẹ̀dó sí etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, pé ibẹ̀ ni Atlantis, ilẹ̀ tí ìtàn wọn ní ó ti pòórá, àti pé ohun tí ó kù nínú ọ̀làjú wọn ni ó wà ní Ifẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ojú lásán ni ó fi dá ẹjọ́ náà. Nítorí pé àwọn orí Ifẹ̀ jọ ojú ènìyàn gidi, bí àwọn ère Gíríìkì tí ó ti mọ̀ láti ilé, ó pinnu pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe wọ́n. Kò ní ohun kan lọ́wọ́ tí ó lè fi mọ ọjọ́ orí wọn, kò sì dúró de ẹ̀rí.

Ó gba ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó lè tú ìdájọ́ náà ká. Iṣẹ́ náà kò sì kọjá ìbéèrè mẹ́rin, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè mú lọ́wọ́ wọ mùsíọ́ọ̀mù: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ibo ni a ti rí i, kí ni ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

KÍ NI WỌ́N FI ṢE É?

Fún ọdún pípẹ́ ni ìwé àwọn Òyìnbó fi ń pe àwọn orí Ifẹ̀ ní ‘bronze’, èyí tí í ṣe àdàlù bàbà àti tánganran. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irin wọn wò, wọ́n rí i pé bàbà tí a pò mọ́ síńkì àti òjé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ gan-an ni Yorùbá ń pè ní idẹ. Orúkọ tí àwọn onílé pè é ni ó bá a mu jù lọ. Díẹ̀ sì wà nínú wọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì bàbà láìní àdàlù kan.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n gba ọgbọ́n. Oníṣẹ́ idẹ a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí náà, a jẹ́ kí ó gbẹ. A fi ìda oyin bò ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, orí ìda yìí ni yóò sì ti gbẹ́ imú, ojú, ètè, adé àti ilà. Lẹ́yìn èyí, a fi amọ̀ tí ó kúnná bo gbogbo rẹ̀, a dá ihò sí i, a sì gbé e sínú iná. Ìda a yọ́, a ṣàn jáde, àyè tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ a sì ṣófo. Inú àyè òfìfo yìí ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀ òde, ère a sì yọ. Nítorí pé fífọ́ ni a ń fọ́ amọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó wúlò. Bí ọwọ́ bá ṣì í, kò sí àtúnṣe. Gbogbo iṣẹ́ náà ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀ inú.

Ògidì bàbà ṣòro ju idẹ lọ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí kì í ṣàn dáadáa bí ó bá yọ́, afẹ́fẹ́ a sì máa há sínú rẹ̀. Síbẹ̀, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì ni wọ́n fi ṣe ìbòjú tí Ifẹ̀ ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n, Ọọ̀ni tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ idẹ mọ́ orúkọ rẹ̀. Wọn kò hú ìbòjú náà nínú ilẹ̀. Ààfin ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀ láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé a la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ojú rẹ̀ kí ẹni tí ó dé e lè máa ríran. Àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ti ní láti ní ọ̀gá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ó ń bọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ìran.

Irin náà tún ń sọ ohun mìíràn. Bàbà kò sí nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wo orí idẹ kan ń wo ẹ̀rí òwò: ìlú kan wà nínú igbó tí ó ní ohun tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn ń fẹ́, tí ó sì lè fi gba bàbà lọ́wọ́ wọn.

ÌGBÀ WO NI WỌ́N ṢE É?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn onímọ̀ gbà mọ ọjọ́ orí ohun Ifẹ̀. Èkíní ni ti èédú. Gbogbo ohun tí ó bá ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe igi tàbí ẹran, a máa gba irú kábọ́ọ̀nù kan sára nígbà tí ó wà láàyè. Bí ó bá ti kú, kò ní gba òmíràn mọ́, èyí tí ó wà lára rẹ̀ a sì máa dínkù ní ìwọ̀n tí a mọ̀. Bí a bá wọn èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú èédú, a ó mọ ìgbà tí igi náà kú. Èkejì ni ti amọ̀ tí a sun. Láti ọjọ́ tí amọ̀ bá ti kúrò nínú iná ni ó ti ń kó agbára díẹ̀díẹ̀ jọ sínú. Bí a bá tún mú un gbóná ní ilé ìwádìí, agbára náà a jáde bí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ọjọ́ tí a sun amọ̀ náà ṣe jìnnà tó. Nítorí pé amọ̀ inú ṣì kù nínú àwọn ère idẹ kan, a lè bi amọ̀ náà ní ọjọ́ orí idẹ.

Àbájáde ọ̀nà méjèèjì ni pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a lè fi àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ Ifẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ Frobenius ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀làjú Gíríìkì tí ó ń sọ ti kọjá lọ ní ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún kí a tó yọ́ idẹ wọ̀nyí. Àwọn Pọtogí, tí wọ́n jẹ́ Òyìnbó àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí etí òkun yìí, kò tíì dé nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni lára àwọn ère fúnra wọn, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti adé tí a rí kì í ṣe ti Gíríìkì rárá.

IBO NI A TI RÍ I, KÍ NI Ó WÀ PẸ̀LÚ RẸ̀?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ olùwòran kì í bi, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wúwo jù. Ìtàn ibi mẹ́ta ní Ifẹ̀ yóò fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ní ìtòsí ààfin Ọọ̀ni. Ọkọ́ wọn kan irin. Kí iṣẹ́ tó parí níbẹ̀ ní ọdún náà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, orí idẹ tí ó lé ní 15 ti jáde, pẹ̀lú ààbọ̀ ère ọba kan. Ìwọ̀n ọ̀pọ̀ wọn tó orí ènìyàn gan-an. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn pa mọ́ sí ààfin. Ọ̀kan ti wà ní Mùsíọ́ọ̀mù ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1939. Méjì bọ́ sí ọwọ́ William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ó sì dá wọn padà sí Ifẹ̀ ní ọdún 1950. Kò sí ohun tí a rí ní Ifẹ̀ tí ó gbayì ju ti Wúnmọníjẹ̀ yìí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí awalẹ̀pìtàn kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kó èédú tàbí àpáàdì tí ó yí wọn ká pa mọ́. Idẹ bọ́ sí ọwọ́, ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ ì bá sọ nípa rẹ̀ sì dànù.

Ní ọdún 1957, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìta Yemòó, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́. Ère Ọọ̀ni kan tí ó dúró pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ọba lára rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ère ọba àti olorì tí wọ́n kọ́ apá àti ẹsẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Frank Willett, awalẹ̀pìtàn tí ó ń bá àjọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́, rí àyè wa ilẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ó rí kò mọ sí ère nìkan. Ó rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a to àpáàdì náà ní òró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni hun ẹní. Ó rí èédú, èédú náà sì fi hàn pé ìlú tí ó ti gòkè ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ ti ń sọ tipẹ́ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ ní ìlú. Ohun tí ẹnu ń sọ àti ohun tí ilẹ̀ ń sọ wá ń bá ara wọn pàdé.

Ibi kẹta ni Igbó Olókun. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń hú ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń rí ìkòkò amọ̀ tí dígí yíyọ́ ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òkèèrè ni dígí náà ti wá, pé ńṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún un yọ́. Ẹni tí ó bá rántí Frobenius yóò mọ̀ pé irú ìdájọ́ kan náà ni èyí. Ní ọdún 2011 àti 2012, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà kan, Abídèmí Babalọlá, wa ibẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 ni ó rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí àti ìdọ̀tí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú dígí náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá, ti Íńdíà tàbí ti Yúróòpù mu. Ohun èlò tí ó wà ní àyíká Ifẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ni a sì ti rí ní Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali, ní etí aṣálẹ̀. Ìbéèrè tí orí idẹ gbé kalẹ̀, pé kí ni Ifẹ̀ ń tà tí ó fi ń ra bàbà, àfọ́kù ìkòkò ni ó dá apá kan rẹ̀ lóhùn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi mẹ́ta yìí ni ẹ̀kọ́ pàtàkì. Wúnmọníjẹ̀ fún wa ní ohun tí ó rẹwà jù, ṣùgbọ́n òun ni a mọ ìdí rẹ̀ kéré jù. Igbó Olókun fún wa ní àfọ́kù àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé a kọ ibi tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó yí ìtàn òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà padà.

KÍ NI WỌ́N Ń FI Í ṢE?

Níbi yìí ni òfò Wúnmọníjẹ̀ ti hàn jù lọ. Àwọn orí náà ní ihò ní ọrùn, àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Willett rò pé ihò ọrùn wà fún kíkàn mọ́ ara onígi, kí a lè wọ̀ ọ́ láṣọ bí ọba tí ó ti wàjà, kí a sì ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe àkó ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn rò pé adé àti ohun oyè ni wọ́n ń gbé ka àwọn orí náà ní àsìkò ọdún. Ní ti ihò ẹnu, irùngbọ̀n ni àwọn kan pè é; àwọn mìíràn ní ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ ìbòjú mọ́ ni, bí irú èyí tí ó ń ṣù bo ojú ọba Yorùbá títí di òní. Bí ẹnì kan bá ti kọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1938, bóyá àríyànjiyàn náà ì bá ti kúrú.

Síbẹ̀, ère máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá fi ọgbọ́n ilé wò ó. Orí ère Ọọ̀ni ti Ìta Yemòó tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá méje lọ. Oníṣẹ́ tí ó lè mọ ojú ènìyàn láìyẹ̀ kò ní ṣèèṣì mọ orí tóbi ju ara lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ipò tí orí wà, tí ó mọ̀ pé orí ni olúwa ara àti pé orí ni à ń bọ, kò ní pẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Frobenius tí kò mọ èyí ni ó ṣe ń wá Gíríìkì kiri.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè ní iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ láyé rẹ̀. Ère bàbà kan tí ó jókòó, tí ìrísí rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu gidigidi, ti wà rí ní Tádà, ìlú kékeré kan ní etí odò Ọya ní ilẹ̀ Núpé, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí Ifẹ̀. Ìtàn Núpé ní Tsoede, ẹni tí ó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ni ó gbé e wá. Nígbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ará Tádà ń gbé e lọ sí odò, tí wọ́n ń fi yanrìn bó o, kí ẹja lè pọ̀ kí ìyàwó sì lè bímọ. Bí ère náà ṣe dán tí ojú rẹ̀ sì ti jẹ kì í ṣe àléébù kan. Àpẹẹrẹ ọwọ́ àwọn tí ó ti gbé e ni. Nígbà tí ó dé mùsíọ́ọ̀mù, àìsí ìtàn Tádà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ì bá sọ apá kan ìgbésí ayé rẹ̀ nù.

ÀKỌLÉ INÚ ÀPÓTÍ KÌ Í ṢE ÒPIN Ọ̀RỌ̀

Orí Olókun tí Frobenius fẹ́ gbé lọ tún ní ìtàn mìíràn. Ní ọdún 1949, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kéde pé kì í ṣe ògbólógbòó, pé ẹ̀dà tí a ṣe láyé òde òní ni. Láti ọjọ́ náà ni ìwé gbogbo ti ń tún un sọ. Ohun tí Ifẹ̀ ń bọ di ayédèrú lójú ayé, àwọn kan sì ń fura pé bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ti gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ fi ohun èlò tuntun yẹ orí náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ìda ni wọ́n fi ṣe é, pé kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀dà òde òní ni. Nǹkan bí 60 ọdún ni orí náà fi ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kì í ṣe pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe àwọn onímọ̀ ní òpùrọ́ ni ìtàn yìí ń kọ́ni. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé àkọlé inú àpótí jẹ́ ibi tí ìmọ̀ dé lọ́jọ́ tí a kọ ọ́. Bí ohun náà bá ṣì wà ní ìpamọ́, a lè tún ẹjọ́ rẹ̀ dá. Bí ó bá ti sọnù, ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni yóò dúró, ìbáà tọ́, ìbáà má tọ́. Ìdí pàtàkì tí a fi ń tọ́jú nǹkan sí mùsíọ́ọ̀mù nìyẹn.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ OLÙKỌ́

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Wúnmọníjẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ère òkúta wà. Òfin tí ó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní ọdún 1953, mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ sì ṣí ní ìtòsí ààfin ní ọdún 1954. Àjọ tí ń ṣe àkóso gbogbo mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ di dídásílẹ̀ ní ọdún 1979. Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ní ọdún 1987 ni àwọn olè jí orí idẹ Ifẹ̀ kan gbé ní mùsíọ́ọ̀mù Jos. Láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999, wọ́n fọ́ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ pàápàá. Olè ilẹ̀ òkèèrè kì í dá wá. Onílé ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ Ìbíní kò yàtọ̀. Ìtàn Ìbíní fúnra rẹ̀ sọ pé láti Ifẹ̀ ni Ọba Ògùọlá ti gba ọ̀gá oníṣẹ́ idẹ tí ó kọ́ wọn. Ní ọdún 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun iyebíye láàfin Ìbíní, wọ́n sì tà wọ́n káàkiri ayé láìkọ bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ti ń padà: ní ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà dá 29 padà, Jámánì náà sì fa 20 lé Nàìjíríà lọ́wọ́, ní ọdún 2025, Nẹ́dálándì dá 119 padà. Ó tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ère lè wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wálé, ètò tí wọ́n fi tò ó ní ààfin kò lè bá a padà.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó já lé olùkọ́ léjìká. Èkíní ni pé kí ó kọ́ àwọn ọmọ láti bi ère ní ìbéèrè mẹ́rin yìí kí wọ́n tó ka àkọlé rẹ̀. Èkejì, tí ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù, ni pé kí ó kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe bí ọkọ́ bá kan ohun àjèjì nínú oko, ní ìdí ìpìlẹ̀ ilé tàbí ní ojú ọ̀nà: kí wọ́n dúró, kí wọ́n má ṣe hú u, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù tí ó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ilé ni a ṣì ń kọ́ ní Ifẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú àtijọ́ gbogbo, ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ Wúnmọníjẹ̀ mìíràn. Ẹyin ni ohùn ilẹ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹni tí yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè má ṣe awalẹ̀pìtàn rárá. Ó lè jẹ́ bírìkìlà, tàbí ọmọ tí ó jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn ní kíláàsì lónìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Frobenius ì bá ti béèrè kí ó tó dá ẹjọ́? Èwo nínú ìbéèrè náà ni ó ní ọ̀nà láti dáhùn ní ọdún 1910?

2. Èwo ni ó wúlò jù fún ìtàn: orí idẹ kan tí a kò mọ ibi tí a ti rí i, tàbí àfọ́kù ìkòkò kan tí a mọ ibi tí a ti rí i? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

3. Ní ibo ni ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ẹ̀rí inú ilẹ̀ ti bá ara wọn mu nínú àpẹẹrẹ òkè yìí? Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe níbi tí wọn kò bá ti bára mu?

4. Ẹ mú ohun èlò àtijọ́ kan tí ó wà ní ilé yín. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ tó lọ.